Káàdì oúnjẹ Florida kò ṣiṣẹ́ ní Puerto Rico: ǹjẹ́ kò yẹ kí SNAP dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ìyá Ìbejì (Kissimmee, Florida):

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà láàrin yín tí wọ́n mọ ìdí òfin ìlú Amẹ́ríkà yìí jù mí lọ.

Obìnrin kan wà tí ilé tèmi àti tirẹ̀ kọjú síra. Ọmọ Ponce ni, ní Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà tí kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ìjì Maria tó jà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló lé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá sí Florida, nítorí pé ìjì náà ká òrùlé wọn lọ, iná mànàmáná kò sì padà sí àdúgbò wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbí, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí náà ó ń gba ìrànwọ́ oúnjẹ SNAP tí gbogbo wa mọ̀ sí fúùdù sítáńpù. Láìpẹ́ yìí ó lọ wo ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní bí òun ṣe wọ ilé ìdáná ìyá òun, òun kò rí ju ìyókù ìrẹsì nínú ike àti agolo ẹ̀wà kan, ni òun bá mú káàdì òun, ó di sùpámákẹ́ẹ̀tì. Ó to ìrẹsì, òróró, ẹyin, adìẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sórí káńtà. Ẹ̀rọ kò gba káàdì náà. Ọmọbìnrin tó ń gba owó fi sùúrù sọ fún un pé káàdì SNAP láti Florida kì í ṣiṣẹ́ ní erékùṣù àwọn. Ó ní ojú ti òun gan-an, nítorí pé àwọn èrò wà lẹ́yìn òun, ó sì di dandan kí òun dá adìẹ àti ẹyin padà kí owó ọwọ́ òun tó lè ká ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá, ọmọ Amẹ́ríkà ni ọmọ, dọ́là kan náà ni wọ́n ń ná, ọkọ̀ òfurufú láti Orlando dé ibẹ̀ kò sì ju bí wákàtí mẹ́ta lọ. Ó wu obìnrin yìí láti padà sílé lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti ṣírò ohun tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pàdánù, ọkàn rẹ̀ á tún yí padà. Ẹ dákun, kí ló fà á tí òfin fi ya erékùṣù yìí sọ́tọ̀? Ǹjẹ́ àwọn kan ń gbìyànjú láti mú SNAP dé ibẹ̀? Ǹjẹ́ ó sì yẹ bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Ọ̀yọ́ (Baltimore):

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò yín kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ. SNAP kò sí ní Puerto Rico rárá. Àwọn ìpínlẹ̀ 50, Washington D.C., Guam àti Erékùṣù Virgin ti Amẹ́ríkà ló ní in. Ètò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún Puerto Rico, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni PAN, èyí tó tún jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe búrẹ́dì ní èdè Sípéènì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà gba erékùṣù náà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898, wọ́n sì sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1917. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin fúùdù sítáńpù ní 1964, Puerto Rico kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 1974 ló tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1975 ó ti kárí gbogbo erékùṣù. Òṣì pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò pẹ́ tí àwọn tó ń gbà á fi ju ìlàjì gbogbo ará ìlú lọ. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ yìí gan-an ló kó bá wọn. Ní 1981, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Reagan ń wá ibi tí yóò ti dín ìnáwó kù, ilé aṣòfin fa Puerto Rico yọ kúrò nínú ètò náà, wọ́n sì pàṣẹ pé láti oṣù keje 1982, iye kan pàtó ni àwọn yóò máa fún ìjọba erékùṣù náà lọ́dọọdún, kí ó máa fi bọ́ àwọn tálákà rẹ̀ bó bá ṣe lè ṣe é. Iye ti ìgbà náà jẹ́ mílíọ̀nù 825 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ọbẹ̀ ṣàlàyé. Baálé ilé kan wà tó jẹ́ pé yóò ka iye ẹnu tó wà nílé kó tó fún ìyàwó rẹ̀ lówó ọbẹ̀. Bí àlejò bá dé, owó á gòkè, bí ọmọ bá lọ sí ilé ìwé tó ń gbé inú rẹ̀, owó á rẹlẹ̀. Bí SNAP ṣe rí nìyẹn: ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá kéré dé ìwọ̀n tí òfin sọ ni ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fún, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Baálé kejì fi iye kan lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ní ẹni tó bá ń se oúnjẹ ni kó mọ bí yóò ṣe dọ́gbọ́n rẹ̀. PAN nìyẹn. Ohun tí ìjọba Puerto Rico lè ṣe kò ju méjì lọ: kí wọ́n sọ ẹnu ọ̀nà di tóóró kí ènìyàn díẹ̀ lè wọlé, tàbí kí wọ́n dín oúnjẹ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe. Kí ìjì Maria tó jà, iye tó pọ̀ jùlọ tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin lè gbà lóṣù ní Puerto Rico jẹ́ 410 dọ́là, nígbà tí ti SNAP jẹ́ 649 dọ́là.

Kíkéré tí owó náà kéré kọ́ ló burú jù nínú rẹ̀ lójú tèmi, bí kò ṣe pé kì í nà nígbà tí àjálù bá dé. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà, ìjì Harvey jà ní Texas, Irma sì jà ní Florida, ètò SNAP ti àkókò àjálù sì bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti lọ ṣe òfin tuntun, nítorí pé àyè rẹ̀ ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀. Puerto Rico ní láti lọ bẹ ilé aṣòfin. Ní oṣù kẹwàá 2017 wọ́n fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.27 dọ́là, àmọ́ oṣù kẹta 2018 ni àfikún náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú káàdì àwọn ènìyàn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìjì! Ní oṣù kẹta 2019 owó náà tán, wọ́n gé ìrànwọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, ó sì di oṣù kẹfà kí ilé aṣòfin tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 600 mìíràn.

Àwọn kan ń gbìyànjú, mà. Jenniffer González-Colón, nígbà tó jẹ́ aṣojú erékùṣù náà ní Washington, àti Sẹ́nétọ̀ Kirsten Gillibrand ti New York, gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí wọ́n dá Puerto Rico padà sínú SNAP. Kò tíì di òfin. Aṣojú Puerto Rico lè sọ̀rọ̀, ó lè gbé àbá kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìbò nígbà tí ilé bá ń dìbò ìkẹyìn, àwọn ará erékùṣù kì í sì í dìbò yan ààrẹ. Ilé ẹjọ́ náà kò ṣí ilẹ̀kùn fún wọn: ní oṣù kẹrin 2022, nínú ẹjọ́ Vaello Madero, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé òfin kò de ilé aṣòfin láti yọ àwọn ará Puerto Rico kúrò nínú owó ìrànwọ́ SSI fún àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù náà, nìkan ló ta kò wọ́n. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún SSI, kò sẹ́ni tó lè retí pé ilé ẹjọ́ ni yóò mú SNAP wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Caguas, Puerto Rico):

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ ti ìwé òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọjà. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé níbí, ìlú yìí ni ìyàwó mi ti wá, ìyá rẹ̀ sì ń gba PAN. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Tarjeta de la Familia ni wọ́n ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé los cupones ni àwọn àgbà ṣì ń pe ìrànwọ́ náà láti ayé ìgbà tó jẹ́ ìwé ni wọ́n ń já.

Mo ti bá màmá yìí lọ sí ọjà lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tó ń gbà to ẹrù sórí káńtà kò sì kúrò lójú mi. Ohun tí kò lè ṣe aláìrà ló máa ń ṣáájú: ìrẹsì, òróró, wàrà, àti òtílí inú agolo tí wọ́n ń pè ní gandules, èyí tí wọ́n máa ń sè pọ̀ mọ́ ìrẹsì bí àwa náà ṣe ń se ẹ̀wà mọ́ ìrẹsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni adìẹ. Èso àti ẹ̀fọ́ tútù ló máa ń kẹ́yìn. Yóò tẹjú mọ́ iye owó tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ, bó bá sì ti kù díẹ̀ kí ó dé iye tó wà nínú káàdì, yóò gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ọmọ tó ń gba owó á dúró. Kò sí ariwo, kò sí àlàyé. Ó ti mọ́ àwọn méjèèjì lára. Ní oṣù kẹta 2019 tí wọ́n gé owó náà, màmá gbé ọwọ́ sókè kí adìẹ tó kàn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n san ìyókù, ó kọ̀ jálẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ìgbà tí a délé ló tó gbà kí n padà lọ rà á.

Ẹ má gbàgbé pé oúnjẹ wọ́n níbí. Bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ń jẹ ló ń wá láti ẹ̀yìn odi, òfin 1920 kan sì sọ pé ọkọ̀ ojú omi tó bá ń kó ẹrù láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà, tí ará Amẹ́ríkà sì ń tù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tí ọjà rẹ̀ gbówó lórí jù ni wọ́n wá fún ní owó ọbẹ̀ tó kéré jù.

Bàbá Alájọ (Houston):

Ẹ̀yin ọmọ mi, àánú ìyá arúgbó yẹn ṣe mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fẹ́ kí ebi pa ọmọlàkejì. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí a yẹ ohun tí a ń tọrọ wò dáadáa kí a tó gbà á.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ará Puerto Rico kì í san owó orí fún ìjọba àpapọ̀ lórí owó tí wọ́n rí ní erékùṣù náà. Àwọn aṣòfin tó ta kò ó yóò sọ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ ní èsì sílẹ̀ fún wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé SNAP tí ẹ ń sọ yìí kò rí bó ṣe rí mọ́. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù keje 2025 ti yí i padà. Àgbàlagbà tí kò tíì pé ọdún 65, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 nílé, gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún wákàtí 80 lóṣù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù mẹ́ta péré ni yóò fi rí ìrànwọ́ gbà láàrin ọdún mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ bá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ lè tọrọ àyè, ṣùgbọ́n nísinsìnyí àfi ibi tí àìríṣẹ́ṣe bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àìríṣẹ́ṣe ti Puerto Rico lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí kò sì tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà sọ pé láti oṣù kẹwàá 2026, ìdá 75 ni ìpínlẹ̀ yóò máa san nínú owó tí wọ́n fi ń ṣàkóso ètò náà, dípò ìlàjì tó ti ń san. Láti oṣù kẹwàá 2027, ìpínlẹ̀ tí àṣìṣe ìṣirò rẹ̀ nínú owó tó ń pín fún àwọn ènìyàn bá tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí owó oúnjẹ gan-an.

Puerto Rico kọ́ ni ẹ fẹ́ gbé ẹrù yìí lé lórí? Ìjọba tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin PROMESA ní 2016, tí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ owó rẹ̀! Èrò tèmi ni pé kí wọ́n fi PAN sílẹ̀, kí wọ́n bu kún owó rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé bí ìjì bá jà, owó yóò gòkè fúnra rẹ̀. Wọ́n ti bu kún un rí. Ní 2022 ó ti di bílíọ̀nù 2.5 dọ́là.

Akọ̀wé Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ti owó orí rọrùn láti dáhùn. Wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì Social Security àti ti ìtọ́jú ìlera Medicare bí gbogbo wa, SNAP kò sì béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ tálákà kankan ní Houston tàbí ní Baltimore. Ẹ tún wo Erékùṣù Virgin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Puerto Rico ní apá ìlà-oòrùn. Agbègbè abẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Àpò ìjọba erékùṣù tiwọn ni owó orí wọn ń lọ, wọn kì í dìbò yan ààrẹ, SNAP sì wà níbẹ̀. Guam náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú Puerto Rico yàtọ̀ sí wọn ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, tálákà ibẹ̀ sì pọ̀. Ìnira tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni a wá sọ di ẹ̀bi wọn.

Ní ti òfin 2025, Bàbá, ẹ jàre mi níbẹ̀, mo sì gbà. Bí wọ́n bá mú SNAP débẹ̀ lọ́la pẹ̀lú àwọn àdéhùn wọ̀nyí, àwọn kan tó ń jẹun lónìí lábẹ́ PAN yóò bọ́ sóde. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí ìyípadà náà gba ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó sí ẹ̀rọ ìṣirò àti àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa yẹ ìwé wò, kí àṣìṣe má baà pọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní 2010, ó sì rí i pé iye ìdílé tí yóò wọlé àti iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò gbà ni yóò lọ sókè.

Ibi tí mi ò ti lè tẹ̀lé yín ni pé kí a fi PAN sílẹ̀ kí a kàn bu owó kún un. Ọwọ́ tó bu kún un ni yóò bu nínú rẹ̀ lọ́dún tí owó bá ṣọ̀wọ́n, ẹni tí kò ní ìbò nílé aṣòfin kò sì ní ohun tí yóò fi dá ọwọ́ náà dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ gé SNAP, wọ́n ń gé e fún àwọn ènìyàn Texas, Ohio àti Florida pọ̀ ni, àwọn wọ̀nyẹn sì lè fi ìbò wọn fọhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ gé PAN, Puerto Rico nìkan ni yóò ké.

Bàbá Alájọ:

Ọ̀rọ̀ ìbò yẹn wọ̀ mí létí. Èmi ṣì ń bẹ̀rù ẹrù tí yóò já lé ìjọba ibẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ yìí, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé owó ìmúrasílẹ̀ náà, mi ò ní ta kò ó.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo jókòó ti aládùúgbò mi ní alẹ́ àná, mo ń ka èsì yín, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Ọmọ Ẹ̀gbá ti sọ ọ̀rọ̀ màmá tó ń gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bí ìyá òun náà ṣe ń ṣe nìyẹn, lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀. Ó ti pinnu pé òun yóò padà sílé bí àwọn ọmọ bá ti parí ìwé ọdún yìí. Ó ní kí n béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe kí ebi má baà mú wọn láàrin ìgbà tí ti Florida bá dúró àti ìgbà tí ti ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Ẹ bá mi kí i, mà. Kí ó fi tó àwọn tó ń bójú tó SNAP ní Florida létí kí ó tó kúrò, kí ó sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pa fáìlì rẹ̀ dé, nítorí pé wọn kò ní gbà kí ó máa gba méjèèjì pọ̀. Ìwé yẹn àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ni kí ó mú lọ sí ọ́fíìsì ADSEF, àwọn tó ń bójú tó PAN, ní Ponce ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé. Wọn yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òun àti màmá jọ ń dáná pọ̀ ni tàbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ìyẹn kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ rẹ̀. Kí ó tún fi ohun tó kù nínú káàdì Florida ra oúnjẹ inú agolo àti wàrà oníyẹ̀fun kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ó kó o sínú páálí. Ìgbà tí ilé ìwé bá ń parí, oṣù kẹfà ti ń wọlé nìyẹn, ọjọ́ kìíní rẹ̀ sì ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ níbí.